Ọjọ́ Ogbó Nìkan Kọ́ Ló Ń Gbé Àgbà Ṣubú: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nígbà Tí Ẹ̀jẹ̀ Bá Dín Kù Nínú Ọpọlọ

Àwọn baba ńlá Yorùbá ló sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ àgbà ló ń ṣubú tí kì í ṣe òkúta ló gbé wọn ṣubú, tí wọn kò sì ráyè wo iwájú tàbí ẹ̀yìn kí ilẹ̀ tó gbà wọ́n. Bàbá dìde lórí ẹní ní ìdájí láti lọ tọ̀, òòyì kọ́ wọn, ojú wọn ṣú, wọ́n bá ara wọn nílẹ̀. Ìyá jẹun tán, wọ́n dìde láti na ara, kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ wọn yẹ̀. Bí àwọn ará ilé bá sáré dé, ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu wọn kò ju méjì lọ: àwọn kan á ní ọjọ́ ogbó ni, àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, irú ìṣubú báyìí kò ṣókùnkùn sí àwọn onímọ̀ ìṣègùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gòkè lọ sí ọpọlọ ló dín kù fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́ ọmọ 20 ọdún, kó má tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣe òun. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé àgbà ló sábà máa ń gbé ṣubú? Ṣé ọjọ́ orí lásán ló ń jẹ ọpọlọ run ni, àbí nǹkan mìíràn fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀? Ó ti lé ní 70 ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí, ìdáhùn tí wọ́n sì rí yóò ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu.

WỌ̀BÌÀ TÍ KÒ NÍ ÀKÁ

Ọpọlọ àgbàlagbà kò wúwo tó kílógíráàmù kan àti ààbọ̀. Bí wọ́n bá pín ìwọ̀n ara ènìyàn sí ọ̀nà 100, ọpọlọ kò gbà ju nǹkan bí ọ̀nà 2 lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí gbogbo ara ń lò nígbà tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ọpọlọ nìkan ń gba nǹkan bí ìdá 20 nínú 100. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan tó nǹkan bí 750 mìlílítà, èyí tó kún ìgò omi 75cl tí wọ́n ń tà ní ìgboro.

Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn jẹun púpọ̀ bó bá ní àká. Ẹ̀dọ̀ ní àká tirẹ̀, ẹran ara náà ní tirẹ̀, tí wọ́n ń kó ṣúgà pamọ́ sí de ọjọ́ ìyàn. Ọpọlọ kò ní irú àká bẹ́ẹ̀ tó tó nǹkan. Ohun tí ọkàn bá fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú yìí ló ń jẹ ní ìṣẹ́jú yìí. Ní 1943, Ralph Rossen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ohun èlò kan tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí há ọrùn àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi lè gòkè mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 7, wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Ọ̀dọ́ tó lágbára ni wọ́n. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá pátápátá, kò mọ ọ̀dọ́, kò mọ àgbà. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dín kù tí kò dá ni ọjọ́ orí ti máa ń dá sí ọ̀rọ̀.

LÁTI ỌMỌ ỌWỌ́ DÉ ARÚGBÓ

Àwọn tó rí ọ̀nà tó ṣeé gbára lé láti wọn ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ènìyàn láìla agbárí rẹ̀ ni Seymour Kety àti Carl Schmidt, ní Yunifásítì Pennsylvania ní ìlú Philadelphia. Ní 1945 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ̀nà náà jáde. Gáàsì tí àwọn oníṣègùn eyín fi ń pa ìrora ni wọ́n lò. Wọ́n ní kí ènìyàn mí díẹ̀ nínú rẹ̀ símú, wọ́n wá wo iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ àti iye tó wà nínú èyí tó ń padà bọ̀ nínú iṣan ọrùn. Bí oníṣòwò ṣe ń fi iye ẹrù tó wọlé àti iye tó jáde mọ bí ọjà ṣe ń tà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ìyàtọ̀ méjèèjì mọ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn tó. Lára ọ̀dọ́kùnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, 100 gíráàmù ọpọlọ ń gba nǹkan bí 54 mìlílítà ẹ̀jẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan.

Ní 1957, Charles Kennedy àti Louis Sokoloff fi ọ̀nà kan náà wọn ti àwọn ọmọdé. Ẹnu ya àwọn onímọ̀: ìwọ̀n ọpọlọ kan náà lára ọmọdé ń gba ẹ̀jẹ̀ tó lé ní 100 mìlílítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àgbàlagbà. Ọpọlọ tó ń kọ́ èdè, tó ń kọ́ ìrìn, tó ń kọ́ ilé, tó ń kọ́ òde, oúnjẹ kékeré kọ́ ló ń jẹ. Nígbà tó di 1987, Harry Chugani fi ẹ̀rọ ìyàwòrán hàn pé ṣúgà tí ọpọlọ ọmọdé ń lò ń ga ju ti àgbàlagbà lọ títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 9, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ yóò fi bàlágà.

Ọmọ tuntun jòjòló yàtọ̀ ní tirẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún, nítorí náà, ohun tó ń béèrè kéré. Harold Himwich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1941 pé ọmọ ẹranko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lè wà láàyè níbi tí kò ti sí ọ́síjìn fún àkókò tó pọ̀ ju èyí tí ìyá rẹ̀ lè fi wà níbẹ̀ lọ. Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ tí kò ké nígbà tí wọ́n bí i ṣeré, nítorí ìpalára ń bẹ fún òun náà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun méjì ló ń ṣe ìdájọ́ ọpọlọ lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá dín kù: iye tó ń wọlé àti iye tí ọpọlọ ń béèrè.

Ti arúgbó wá ńkọ́? Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn dókítà ìgbà náà, ni pé bí irun bá ti ń funfun ni ẹ̀jẹ̀ ń gbẹ lórí. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà lórí ìlera ọpọlọ, tó wà ní Bethesda, kó ọkùnrin 47 jọ, tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti 65 títí dé 91. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò tinú tòde, wọ́n sì gbé àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 1963. Àwọn arúgbó tí wọn kò rí àìsàn kankan lára wọn, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ wọn àti ọ́síjìn tó ń lò kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ́kùnrin. Àwọn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń le, kódà kó jẹ́ pé wọn kò mọ̀ ọ́n lára, àwọn ni ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ wọn ti lọ sílẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ èyí tínú ń run nínú wọn, àfi ìgbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ tó jinlẹ̀ ju ti ìgbà náà lọ ti dé lẹ́yìn náà. Ní 1990, Leenders àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Hammersmith ní London rí i pé ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ ń dín kù ní nǹkan bí ààbọ̀ ìdá kan nínú 100 lọ́dọọdún. Àmọ́ ohun tí ọpọlọ ń béèrè náà ń rọlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un dín kù díẹ̀, tí ìnáwó rẹ̀ náà sì dín kù, kò tíì wọ gbèsè. Ohun tó ń sọ ọpọlọ àgbà sínú gbèsè wà níbòmíràn.

OLÙṢỌ́ TÓ Ń ṢÍ TÓ Ń TÌ

Niels Lassen, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, ló ṣe àkójọ ẹ̀rí ní 1959 pé ọpọlọ ní olùṣọ́ tirẹ̀. Bí agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn nínú ara bá lọ sílẹ̀, àwọn iṣan kéékèèké inú ọpọlọ a fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè rí ọ̀nà gbà. Bó bá sì ga jù, wọn a fún pọ̀, kí ọ̀gbàrá má baà wọlé. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè ti orí ibùsùn dìde kí ọpọlọ rẹ̀ má sì mọ ìyàtọ̀. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé àgbà tí ara rẹ̀ le ṣì ní olùṣọ́ yìí, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ́.

Àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń da iṣẹ́ mọ́ olùṣọ́ náà lójú. Bí agbára ẹ̀jẹ̀ bá ti ga fún ọdún púpọ̀, ògiri àwọn iṣan náà a nípọn, wọn a le, wọn kò ní lè fẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Svend Strandgaard, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì bíi Lassen, wọn èyí ní àwọn ọdún 1970. Lára ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwọ̀n àárín agbára ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 73 kí ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ dókítà yóò pè ní 100 lókè, 60 nísàlẹ̀. Lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ le tí kò sì gba ìtọ́jú, nǹkan bí 113 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, èyí tó dà bí 150 lókè, 95 nísàlẹ̀. Ìyẹn ni pé ìwọ̀n tí gbogbo ènìyàn ṣì ń pè ní gíga ni ebi ti ń pa ọpọlọ tirẹ̀.

Ewu tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Àwọn kan wà tí wọn kì í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn fún oṣù mẹ́ta, tó bá wá ku ọ̀la tí wọn yóò rí dókítà, wọn a gbé ti ọjọ́ mélòó kan mì pọ̀ kí ẹ̀rọ lè sọ ohun tó dára. Àwọn ọmọ mìíràn, bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ Bàbá ga, wọn a fi oògùn kún oògùn láìbéèrè. Agbára ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, kí olùṣọ́ tí iṣan rẹ̀ ti le má sì lè ṣí ilẹ̀kùn. Ohun tí wọ́n fi ń wá ìwòsàn lè di ohun tí yóò dá àgbà dùbúlẹ̀.

ÀTẸ̀GÙN TÓ LỌ SÍ ÌSÀLẸ̀

Bí ẹ̀jẹ̀ bá dín kù ju ohun tí olùṣọ́ lè dí lọ, ọpọlọ ṣì ní ọgbọ́n kan. Lójoojúmọ́, kì í gbà ju nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá. Bí ìyàn bá mú, ó lè fa èyí lọ sókè dé nǹkan bí ìdá 80. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ lè dín kù gan-an kí ènìyàn má sì mọ̀ ju òòyì lọ. Ẹni tí àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí àìsàn ọkàn bá ti ń bá fínra, tàbí tí iṣan ọrùn rẹ̀ ti dí, ti lè ná lára ọgbọ́n yìí kí ọjọ́ ìyàn tó dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, àtẹ̀gùn ló kù. Ní London ní 1977, Jens Astrup, Lindsay Symon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ọ̀bọ ṣe ìwádìí tó lààmì-laaka. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ dé ìsàlẹ̀ nǹkan bí 20 mìlílítà fún 100 gíráàmù, ọpọlọ dákẹ́ iṣẹ́, àmọ́ kò tíì kú. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ nǹkan bí 10, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ikú sì dé. Àárín ìwọ̀n méjèèjì yìí ni ìrètí gbogbo aláìsàn rọpárọsẹ̀ wà. Ọwọ́ tí kò ṣeé gbé mọ́ kò túmọ̀ sí pé apá ọpọlọ tó ń darí rẹ̀ ti kú tán. Ó lè jẹ́ pé ebi ló dá a kunlẹ̀, tó ń retí ẹni tí yóò ṣí ọ̀nà.

Ibí yìí ni ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ ti ń jẹ́ ẹ̀rí. Nínú ọpọlọ, àwọn ọ̀nà àbùjá wà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà bí títì ńlá bá dí. Ní 2011, James Faber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní North Carolina fi hàn pé bí eku bá ti ń dàgbà, àwọn ọ̀nà àbùjá yìí ń dín kù, èyí tó kù a sì tẹ́ẹ́rẹ́, débi pé bí wọ́n bá dí iṣan kan náà lára eku kékeré àti eku arúgbó, ti arúgbó ló ń bàjẹ́ jù. Àkókò ìdúró kò wá pọ̀ rárá. Jeffrey Saver ní Los Angeles ṣírò rẹ̀ ní 2006 pé bí iṣan ńlá kan bá dí tí wọn kò ṣí i, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.9 sẹ́ẹ̀lì ìrònú ló ń kú ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Wákàtí kan tí wọ́n bá fi jáfara ń fi ọdún 3.6 kún ọjọ́ orí ọpọlọ náà.

OHUN TÍ ÌBÀDÀN FI HÀN

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Láti 1973 dé 1975, Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù nílùú Ìbàdàn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣì rò pé àìsàn aláwọ̀ funfun ni. Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn àti àwọn onímọ̀ láti Nàìjíríà àti Gánà gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí 2,118 ènìyàn tí rọpárọsẹ̀ kọlù, tí wọ́n fi wé iye kan náà tí kò kọlù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo ohun tó ń fà á; ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà àti àìkì í jẹ ẹ̀fọ́ wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn aláìsàn náà jẹ́ 59. Ẹni ọdún 59 kò tíì di arúgbó kùjọ́kùjọ́.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Láti 1992 ni àwọn onímọ̀ Ìbàdàn àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti jọ ń ṣe ìwádìí lórí àìsàn tó ń mú kí arúgbó máa gbàgbé ara rẹ̀. Ní 2001, wọ́n kéde pé nínú 100 Yorùbá tó lé ní ọdún 65 ní àdúgbò Ìdíkàn, nǹkan bí 1.35 ni àìsàn náà ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ lọ́dọọdún. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ó tó 3.24. Ọjọ́ orí kan náà, àbọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá jẹ́ pé ogbó nìkan ló ń ba ọpọlọ jẹ́, ọgbọọgba ni ì bá jẹ́.

OHUN TÍ ARÁ ILÉ LÈ ṢE

Bí òòyì bá ń kọ́ àgbà nígbà tó bá dìde, kí wọ́n ní kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì wọn agbára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, kí wọ́n tún wọn ọ́n láàárín ìṣẹ́jú 3 tó bá dìde dúró. Bí òǹkà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ fi 10 wálẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti ìtọ́jú. Kí wọ́n kó gbogbo oògùn tó ń lò lọ, títí kan oògùn ìtọ̀ àwọn ọkùnrin, nítorí àwọn kan nínú rẹ̀ máa ń fa agbára ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Nílé, kí àgbà kọ́kọ́ jókòó sí etí ibùsùn, kó mi ẹsẹ̀, kó tó dìde. Kó máa mu omi dáadáa, àfi bí dókítà bá ní kó dín in kù. Bí oúnjẹ ńlá bá ń fa òòyì, kó pín in sí kéékèèké. Lewis Lipsitz ní Boston ti fi hàn láti 1983 pé agbára ẹ̀jẹ̀ arúgbó lè lọ sílẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ.

Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọwọ́ kan kò ṣeé gbé, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ni lẹ́nu, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ọ̀la, kì í ṣe ẹ̀yìn àdúrà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da àgbo tàbí omi sí i lẹ́nu, nítorí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n má fún un ní oògùn tí yóò já agbára ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n má fún un ní aspirin, nítorí àyẹ̀wò ẹ̀rọ ló lè sọ bóyá iṣan dí tàbí ó bẹ́. Kí wọ́n sọ fún dókítà wákàtí tó bẹ̀rẹ̀ gan-an: oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì gbọ́dọ̀ wọ ara láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ́jú tó ń lọ déédéé, tí kò sáré, tí kò sì dúró, ni ọ̀nà. Strandgaard rí i pé àwọn tó gba ìtọ́jú dáadáa, ìwọ̀n tí ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ti sún wálẹ̀ sí nǹkan bí 96, ó ti ń padà sún mọ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Kò sì sí pé àgbà ti dàgbà jù. Ní 2008, ìwádìí kan lórí 3,845 ènìyàn tí wọ́n ti pé 80 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi hàn pé àwọn tí wọ́n fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ikú láàárín wọn fi ìdá 21 nínú 100 dín sí ti àwọn tí kò gbà á.

Àìsàn ló ṣeé wò, kò sẹ́ni tó rí ogbó wò. Ìdílé tó bá ti pe àìsàn àgbà wọn ní ogbó ti ti ilẹ̀kùn ìwòsàn mọ́ wọn lójú, nígbà tí ọpọlọ wọn ṣì wà níbẹ̀ tó ń retí ẹ̀jẹ̀.